Katakata Yẹn Ò Kú, Àwa La Pa Á

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí máa gùn díẹ̀, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà níbẹ̀ kó má bínú sí mi o. Kó kọ́kọ́ lọ wo abẹ́ igi máńgòrò ilé rẹ̀ ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti oko kan bọ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn, mo bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́bàá títì, táyà rẹ̀ ló jò. Ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ló mú mi dá ọ̀kadà mi dúró. Massey Ferguson 135 ni. Wọ́n ti fi iná gáàsì gé e sí méjì láàárín bí ẹni gé iṣu, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, iwájú lọ́tọ̀. Àánú ṣe mí. Katakata yẹn gan-an, bóòtù lèèyàn máa ń tú tó bá fẹ́ pín in sí méjì. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ṣe é ṣe é, kí mẹkáníìkì lè ráyè dé ibi kílọ́ọ̀ṣì. Ohun tí sípánà lè tú, iná ni wọ́n fi gé e.

Ọmọ bàbá tó ni ín wà níbẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ẹrù náà lọ síbi tí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n. Mo kí i, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe é?" Ó ní ó ti kú. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti kú. Mo ní kí ló pa á? Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí kò yẹ. Ó ní, "Àbúrò, ó kàn kọ̀ láti sítáàtì ni. Ara Bàbá ò yá nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó rójú tiẹ̀."

Ó kàn kọ̀ láti sítáàtì. Ẹ gbọ́ ná o.

Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì wà níbẹ̀, ó dúdú ṣùgbọ́n kò lómi. Mo di fáànù mú, mo mì í, ẹ́ńjìnnì yí díẹ̀, kò gan. Mo wo ibi fílítà dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti tú páìpù kan kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́. Ẹnì kan ti gbìyànjú, ó sì ti sú u. Mi ò lè búra nípa inú ẹ́ńjìnnì tí mi ò tú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó bá ń yí, tí ọ́ìlì rẹ̀ ò lómi, tó kàn kọ̀ láti sítáàtì, afẹ́fẹ́ tó kó sójú ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì tàbí omi inú dísẹ́ẹ̀lì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Sípánà kan tàbí méjì àti wákàtí kan lèèyàn fi ń lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Owó tí wọ́n sì dá lé gbogbo irin náà kò tó ra àgbò Iléyá méjì tó dáa.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n yìí ní kí n bá àwọn wá katakata tí àwọn máa háyà. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, éékà méjìlá wọn kò tíì ṣí. Katakata tí wọ́n sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ti lọ sí oko ẹni tó lówó jù wọ́n lọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á máa sọ pé "ọ̀la ni", ọ̀la á di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbàdo tó yẹ kó ti gbó á wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dá oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ti san àsansílẹ̀ lórí àgbàdo yẹn, owó yín náà wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, ẹ kàn ò mọ̀ ni.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀. Katakata tí mo rí tó dàgbà kú kò pọ̀ rárá. Ìyókù, a pa wọ́n ni. Lẹ́yìn tá a bá pa wọ́n tán, a ó wá kó ara wa jọ, a ó máa kígbe pé kí ìjọba fún wa ní tuntun.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ mọ ohun tá à ń tà fún onírin àlòkù ná. Ọmọ ilẹ̀ Ireland kan wà tó ń jẹ́ Harry Ferguson, 1884 ni wọ́n bí i. Òun ló wò ó pé kò yẹ kí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ máa wọ́ tẹ̀ lé katakata bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Ó fi apá mẹ́ta so ó mọ́ ẹ̀yìn katakata, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ó sì ń fi agbára ọ́ìlì gbé e sókè, gbé e sílẹ̀. Apá tòkè yẹn kì í ṣe ìdè lásán o. Tí ilẹ̀ bá le, tí ẹ̀rọ bá ń ta kú sínú ilẹ̀, apá tòkè á ti sípíríìngì kan, sípíríìngì yẹn ló máa jẹ́ kí hydraulic mọ̀ pé ó yẹ kó gbé ẹ̀rọ náà díẹ̀. Ìwúwo á bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn, táyà á di ilẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí katakata kékeré ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe TE20 tó lo ọgbọ́n yìí ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1946 títí di 1956, ó sì lé ní 500,000 tí wọ́n ṣe. Ní 1953 ni Ferguson pa iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Massey-Harris, ibẹ̀ ni orúkọ Massey Ferguson ti wá. Lẹ́yìn náà ni 35 jáde, 135 sì tẹ̀ lé e ní 1964.

Àwọn méjèèjì yìí ni mò ń sọ, 35 àti 135. Lójú àwọn tó ń ra katakata tuntun, nǹkan ìṣeré ni wọ́n, torí agbára ẹṣin wọn kò ju nǹkan bí 45 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo oko wa náà ná. Éékà méjì níbí, éékà mẹ́ta lọ́hùn-ún, kùkùté ẹ̀mí láàárín, òkúta nígun. Katakata ńlá tó ga bí ilé, ibo ló fẹ́ ti yí po nínú oko yẹn? Massey kékeré á yí po bí ẹni ń jó. Ẹ́ńjìnnì Perkins oní-písítìnì mẹ́ta ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lẹ máa fojú rí. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ní kẹ́ ẹ lọ pe ẹnì kan wá láti Èkó kó tó gbà láti ṣiṣẹ́.

Bàbá àwọn bàbá wa kì í ju ọkọ́ nù. Tí ọkọ́ bá jẹ, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ á lù ú. Tó bá tún jẹ, á di ọkọ́ ìroko kékeré lọ́wọ́ ọmọdé. Àwa tá a lọ sí pólì la wá ń fi katakata odindi ṣe irin ìwọ̀n.

Ó yá, kí ló ń pa wọ́n? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí mo kórìíra jù.

Níwájú rédíétọ̀ 35 àti 135, ohun kan wà níbẹ̀ tó rí bí agolo ńlá. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Abọ́ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ́ìlì ló ń wà nínú abọ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ á gba orí ọ́ìlì kọjá, eruku á há sínú ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń túlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí eruku ń sọ lálá, ojoojúmọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ tú abọ́ yẹn wò. Tí ẹrẹ̀ bá ti ń dì sí ìdí rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ fi dísẹ́ẹ̀lì fọ̀ ọ́, ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i dé ojú àmì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo tú ti katakata ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan. Ilẹ̀ tó wà nínú abọ́ yẹn tó gbin ewédú. Kò sí ọ́ìlì kankan níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ lásán ni. Mo bi ẹni tó ń wà á, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀." Ọdún mẹ́rin ló ti ń wà á! Eruku ti jẹ ríìngì, ó ti jẹ sílíìfù, èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde bí iná ìdáná, ó ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Ohun tí alága wọn wá sọ fún mi ni pé, "Ẹ wò ó, Massey yìí ti gbó." Gbó kẹ̀? Ẹ fi iyanrìn bọ́ èèyàn fún ọdún mẹ́rin kẹ́ ẹ wá ní àgbà ló dé sí i.

Èkejì ni omi inú jíà. Rọ́bà kan wà nídìí ọ̀pá jíà. Oòrùn ti jẹ ti ọ̀pọ̀ wọn, ó ti ya. Òjò á máa gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Nínú Massey wọ̀nyí, ọ́ìlì kan náà ni jíà àti hydraulic jọ ń lò, nítorí náà omi tó bá wọ ọ̀kan ti wọ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá wọn ọ́ìlì ẹ̀yìn tó bá funfun bí ògì, omi ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹrù ò ní gbé dáadáa mọ́, ìpata á máa jẹ pọ́ǹpù. Ọ́ìlì tó máa gbà ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa sá fún un. Owó ọ́ìlì yẹn pọ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ kó tó di báyìí kò ju owó àmàlà ọjọ́ mélòó kan lọ. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ rí rọ́bà rà, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e, kẹ́ ẹ sì gbé katakata síbi tí òjò ò ti ní pa á. A ń kọ́lé fún adìẹ, katakata ń sùn síta.

Dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi pọn omi láàárọ̀ ni wọ́n á fi ra dísẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kó dúró di ọjọ́ kejì kó lè tòrò, ẹ má da ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú táǹkì, ẹ fi aṣọ tó mọ́ sí ojú àrọ. Kẹ́ ẹ sì bu ún kún táǹkì nírọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá parí, kì í ṣe láàárọ̀, torí táǹkì tó ṣófo máa ń làágùn nínú lóru. Ti rédíétọ̀ kò gùn: omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi odò tó pọ́n. Tó bá sì ti gbóná ju ààlà lọ, ẹ pa á, ẹ dúró kó tutù. Ẹni tó bá da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó ń hó, ó lè sán orí ẹ́ńjìnnì yẹn níṣẹ̀ẹ́jú kan.

Lẹ́yìn èyí làwọn olólùfẹ́ wa, àwọn "ẹ yá mi fún ọjọ́ méjì péré". Katakata kan á yarọ díẹ̀, ẹnì kan á ní kí wọ́n yá òun ní dáínámò rẹ̀. Ẹlòmíì á yọ pọ́ǹpù. Bátìrì á lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí owó àtúnṣe bá máa fi jáde, egungun la máa bá níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí katakata tí kò ní táyà iwájú mọ́, ẹ má béèrè àrùn tó pa á. Àwọn tó wá kí i nígbà àìsàn ló pa á.

Ẹ jẹ́ kí n bú àwa òṣìṣẹ́ ìjọba náà, kẹ́ ẹ má baà sọ pé mò ń gbèjà ilé. Ọgbà kan wà tí mo máa ń gbà kọjá, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, katakata méje ló wà nínú koríko níbẹ̀. Ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì wà lára àga méjì nínú wọn. Wọ́n ṣe ayẹyẹ nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jó. Owó ríra wà, owó ayẹyẹ wà. Owó fílítà kò sí nínú ìwé kankan. Àwa gan-an tá à ń pe ara wa ní olùdámọ̀ràn, ìgbà mélòó la kó àwọn tó ń wa katakata jọ, tá a gbé abọ́ ọ́ìlì yẹn fún wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n tú u? Bébà la máa ń gbé fún wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àkọ́kọ́, ẹ máa ní kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́jà mọ́. Irọ́ ni. Títí di ìgbà wa yìí ni ilé iṣẹ́ Millat ní Pakistan ṣì ń ṣe Massey Ferguson 240, ọmọ ìyá 135 ni, ẹ́ńjìnnì Perkins oní-písítìnì mẹ́ta kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gásíkẹ́ẹ̀tì, ríìngì, nọ́sù àti fílítà rẹ̀ ṣe wà ní Araromi n'Ìbàdàn àti ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání lọ, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Ohun kan tún wà: ìnṣì ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ jù lọ nínú bóòtù Massey àtijọ́, kì í ṣe mílímítà. Mẹkáníìkì ọkọ̀ tó bá fi ipá wọ bóòtù mílímítà sí i ti ba ojú ihò jẹ́ nìyẹn, ohun tó sì máa kàn ni pé kó pe wẹ́dà. Tẹ́ ẹ bá ti rí wẹ́dà lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, ẹ sunkún.

Ẹ máa ní ó ń mu epo. Èyí tí èéfín dúdú ń jáde lára rẹ̀ ń mu epo, bẹ́ẹ̀ ni, torí nọ́sù rẹ̀ ti ń tọ̀ dípò kó máa fọ́n, tàbí torí abọ́ eruku tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé nọ́sù lọ síbi tí wọ́n ti ń dán an wò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà wá bá mi jiyàn. Ẹ máa ní mẹkáníìkì á jẹ owó yín mọ́lẹ̀. Lóòótọ́ ni, púpọ̀ nínú wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi ń rí i jẹ? Torí pé ìgbà tó bá dákú pátápátá lẹ tó ń pè wọ́n, lọ́jọ́ tí òjò ti rọ̀, tí ẹsẹ̀ yín ò balẹ̀. Ẹ pè wọ́n ní oṣù kejìlá, kẹ́ ẹ wo bóyá ohùn ẹnu wọn ò ní yí padà.

Owó gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ akérò mọ̀ pé owó ọ́ìlì kì í ṣe owó ọbẹ̀. Àwa tá a ní katakata, gbogbo owó tó bá ti oko olóko wọlé la máa ń jẹ tán, àfi bí ẹni pé irin kì í jẹun. Ìmọ̀ràn mi nìyí: nínú éékà mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá tú fún èèyàn, owó éékà kan kì í ṣe tiyín. Ti katakata ni. Ẹ wá ọmọ ìyá kan tí kì í yáni lówó, kẹ́ ẹ máa kó o fún un. Tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni kọ́kọ́rọ́, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri, kí gbogbo yín mọ ẹni tẹ́ ẹ máa dì mú.

Wàyí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀kan nílẹ̀ tó ti sùn fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá, ẹ gbọ́. Ẹ má gbé bátìrì wá. Ẹ má so ó mọ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fà á. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń fọ́ èyí tó kù. Ẹ kọ́kọ́ fi igi gún abẹ́ rẹ̀ nítorí ejò àti agbọ́n. Ẹ da dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ nù, ẹ fọ táǹkì, ẹ ra fílítà tuntun. Ẹ tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ wò ó: tómi bá kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí ojú tó sán ló délẹ̀ yẹn, ẹ dúró ná. Tó bá mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà. Ẹ yọ nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ dí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́jẹ́. Tó bá gan, ẹ má fi ipá mú un, ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, ẹ ní sùúrù. Mo ti rí èyí tó gbà wá lọ́sẹ̀ méjì kó tó mì.

Tó bá yí, tẹ́ ẹ ti dán nọ́sù wò tẹ́ ẹ sì ti dá wọn padà, ó kan afẹ́fẹ́. Ẹ dẹ àwọn ìdè kéékèèké tó wà lórí fílítà, ẹ máa fi ọwọ́ fa apá kékeré tó wà lára pọ́ǹpù àkọ́kọ́. Tí apá yẹn ò bá fà, ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, á fà. Nǹkan á kọ́kọ́ máa hó jáde bí ọṣẹ, tó bá di dísẹ́ẹ̀lì gidi tí kò lọ́ṣẹ mọ́, ẹ dè é. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pọ́ǹpù ńlá náà. Ẹ wá dẹ páìpù tó lọ sórí nọ́sù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, ẹ fi sítátà yí i títí dísẹ́ẹ̀lì á fi máa tọ jáde, ẹ dè wọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ dí ojú páìpù yẹn o, agbára tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì lè gún un wọ awọ ara, ilé ìwòsàn lèèyàn ń gbà á dé. Kẹ́ ẹ tó sítáàtì rẹ̀ rárá, ẹ rí i dájú pé okùn tí wọ́n fi ń pa á ṣì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ní pákó kan nítòsí tẹ́ ẹ lè fi dí ojú ibi tó ti ń mí tó bá sáré asínwín. Pákó ni mo wí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Tó bá jí, ojú yín gbọ́dọ̀ wà lára wọ́ọ̀ṣì tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn. Tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá gbéra láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ pa á.

Ọ̀rọ̀ ikú náà kù. Àwọn katakata wọ̀nyí kò ní irin tó lè gba dírẹ́bà là tó bá yí dànù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa kùkùté, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ so ṣéènì mọ́, níbi ọ̀pá ìfà. Ẹni tó bá so ó mọ́ apá tòkè, iwájú katakata lè gbéra kó sì dà á dé mọ́lẹ̀ kó tó ráyè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn, tẹ́ ẹ fi ń lọ ẹ̀rọ ìpàgbàdo, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ó lé lọ́gọ́rùn-ún márùn-ún... ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́, 540 ni ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹni tó lè yára tó o. Ìró, bùbá tó fẹ̀, okùn ṣòkòtò, ẹ má mú u súnmọ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá ìbòrí rẹ̀ padà. Àwọn tó ń ní kí ọmọdé jókòó sórí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kó lè wọlẹ̀ dáadáa, ọlọ́pàá ló yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ọ̀pá hydraulic méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín. Ẹ kọ́ ohun tí ìkejì ń ṣe.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ṣeé jí. Èyí tí ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti sán, tí ilé jíà rẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n ti kó inú rẹ̀ lọ, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ẹ tà á fún ẹni tó ní irú rẹ̀, tó máa lo jíà rẹ̀, táyà rẹ̀, àga rẹ̀. Tí ẹnì kan bá sì ní katakata tuntun lówó, tí éékà rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, kó ra tuntun, mi ò bá a jà. Ẹni tó ní éékà méjìlá, tó tún ní 135 nílé, tó wá lọ ń tò sórí ìlà háyà, òun ni mò ń bá jà.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní 35 kan tó ti wà lábẹ́ búkà láti ọdún mẹ́sàn-án. Onírin àlòkù ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún yìí, àwọn ọmọ Bàbá fẹ́ tà á, Bàbá ní àfi tí àwọn bá sin òun tán. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́rin. A ti yọ nọ́sù, ẹ́ńjìnnì ti yí lánàá, Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Lọ́jọ́ Sátidé a máa lé afẹ́fẹ́ jáde. Ohun tó kù wá kù ni ife gíláàsì kékeré tó máa ń wà lára pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, èyí tí ìdọ̀tí ń rọ̀ sí. Ẹni tó bá ní i lára òkú 35 kan níbì kan, kó jọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ibí. Tiwa ti fọ́, ẹnì kan sì ti fi sìmẹ́ǹtì dí ojú rẹ̀.